TIRANSÍSÍTỌ̀ TÍ A Ń TẸ̀ BÍ ÌWÉ: KÍ NI Ó JẸ́, KÍ NI Ó SÌ KAN ÀWA OLÓWÒ ÌRẸSÌ?

 

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn tí ń kó ìrẹsì Ìgbẹmọ lọ sí Adó-Èkìtì àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn kan ń polówó lébẹ́ẹ̀lì kan tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, tó ṣeé ká bí ẹní, tí a ó lẹ̀ mọ́ ara àpò. Lébẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n ní, yóò máa sọ bóyá ọ̀rinrin ti wọ inú ìrẹsì, yóò sì tún máa jẹ́rìí pé ti Ìgbẹmọ ni lóòótọ́. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ kàlẹ́ńdà. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú àpò àjùmọ̀ní, kí a sanwó sílẹ̀ kí ìlú mìíràn tó gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ pátápátá ni, pé ta ló gbọ́ ọ rí pé iná ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀rá.

Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Ẹni tó ń jí lọ sóko láàárọ̀, ẹni tó ń jókòó ti igbá ìrẹsì nínú oòrùn, àwọn ló dá a jọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí kí ìpàdé gbogboogbò tó dé. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀rẹ̀ sọ èyí: ohun náà kì í ṣe irọ́. Ó wà. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà lọ́tọ̀, kí ó dé ọjà lọ́tọ̀, kí ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú ilé ìkẹ́rùsí tiwa, èyíinì tún lọ́tọ̀.

FÓLTÉÈJÌ KÉKERÉ NI Ó GBÉ RÉDÍÒ DÉ OKO

Àwọn àgbà inú wa á rántí ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì jẹ́ àpótí ńlá tí a ń gbé sórí tábìlì. Inú rẹ̀ kún fún àwọn nǹkan bíi gílóòbù, tí wọn á kọ́kọ́ gbóná kí rédíò tó fọhùn. Èyí tó bá ṣeé gbé rìn nínú wọn, bátìrì rẹ̀ a máa tó 67 tàbí 90 fóltì. Ó wúwo, ó wọ́n, kì í sì í pẹ́ kú.

Ní oṣù Kejìlá 1947, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley, rí ohun kékeré kan tó lè ṣe iṣẹ́ gílóòbù yẹn láìgbóná. Òun ni tiransísítọ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1956. Ní 1954, rédíò oní-tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo ayé, Regency TR-1, jáde pẹ̀lú bátìrì 22.5 fóltì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6 fóltì péré.

Ibẹ̀ ni ayé ti yí. Àgbẹ̀ lè fi rédíò kọ́ èjìká lọ sóko, ó lè gbé e kọ́ igi kòkó, ó lè ra bátìrì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta iyọ̀ àti ìṣáná. Ohùn tó ń jáde nínú rédíò kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Fóltéèjì ni ó wálẹ̀, nǹkan sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní iná ìjọba nílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìtàn kan náà ni ó tún ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì tí a ń wí yìí.

BÍ TIRANSÍSÍTỌ̀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹni tó bá ti gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ kò ní í ṣòro fún láti lóye rẹ̀. Omi wà lápá kan, ìrẹsì wà lápá kejì, ojú ọ̀nà omi sì wà láàárín, tí a fi pákó sé. Ọmọ kékeré lè fà pákó yẹn sókè ní ìka méjì, omi tí géńdé mẹ́wàá kò lè rù yóò sì ya wọlé. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ padà, omi dúró. Agbára kékeré ni ó ń darí agbára ńlá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiransísítọ̀ rí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní. Ẹsẹ̀ kan ni káréńtì ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ kejì ni ó ń gbà jáde, ẹsẹ̀ kẹta ni pákó ìsé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹnu-ọ̀nà. Láàárín ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ohun alábọ́dé kan wà, tí kì í gbé iná bíi wáyà bàbà, tí kì í sì í kọ iná pátápátá bíi gíláàsì. Ẹnu-ọ̀nà kò fara kan ohun alábọ́dé yìí rárá. Ìbòrí kan tí iná kò lè gbà kọjá ni ó wà láàárín wọn. Bí a bá fi fóltéèjì sí ẹnu-ọ̀nà, yóò fa iná jọ sí ojú ohun alábọ́dé náà láti òdìkejì ìbòrí, ọ̀nà á ṣí, káréńtì á ṣàn. Bí a bá mú un kúrò, ọ̀nà á dí.

Ṣíṣí àti pípa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ pọ̀, wọn á lè ṣírò, wọn á lè rántí, wọn á lè fi ohùn tó kéré di ńlá. Fóònù tó wà lápò yín ní bílíọ̀nù mélòó kan nínú.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń WÁ OHUN MÌÍRÀN?

Tiransísítọ̀ inú fóònù, sílíkọ́nì ni wọ́n fi ṣe é. Inú yanrìn ni sílíkọ́nì ti ń wá, ṣùgbọ́n kò yọ́ àfi bí iná rẹ̀ bá dé 1,414 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ́ ju yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, owó tí wọ́n sì fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù dọ́là. Ẹ kò sì lè gbé ọ̀rá tàbí bébà wọ inú ooru bẹ́ẹ̀. Yóò ti di eérú.

Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ yíjú sí àwọn ohun tó jẹ́ pé kábọ́nù, ìyẹn ohun tó wà nínú èédú, ni ìpìlẹ̀ wọn. Wọ́n ń pè wọ́n ní ọ́gáníìkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì í gbọ́: kì í ṣe ọ́gáníìkì tí àwọn oníbàárà ń bèèrè nígbà tí wọ́n bá ń wá ìrẹsì tí a kò fi ajílẹ̀ òyìnbó gbìn. Níbí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kábọ́nù ni egungun ẹ̀yìn nǹkan náà, bí ó ti rí nínú ike, nínú epo, nínú aró.

Tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé gbà pé ike kì í gbé iná. Òun náà ni a kúkú fi ń bo ara wáyà. Ní 1977, Hideki Shirakawa ará Japan, pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá fi ayodíìnì sí ara irú ike kan, yóò máa gbé iná bí irin. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2000. Ní 1986, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Mitsubishi Electric ní Japan fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe tiransísítọ̀. Ní 1994, Francis Garnier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi ọgbọ́n títẹ̀ ṣe èyí tó jẹ́ pé ó ṣeé tẹ̀ kọ́rọ́. Ní 2000, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fín yíǹkì, irú èyí tó wà ní ọ́fíìsì, tẹ̀ ẹ́ jáde ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ohun ọ́gáníìkì wọ̀nyí ṣeé pò di yíǹkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ooru tí a nílò láti fi gbẹ ẹ́ kò ju 150 lọ, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tó lágbára lè fara da ìyẹn.

ARÓ WA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Ìyanu kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kí àwọn ìyá wa aláró gbọ́. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Linz, ní orílẹ̀-èdè Austria, mú aró, àwọ̀ búlúù tí èlú ń fún wa, wọ́n sì fi ṣe tiransísítọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Àwọ̀ kan náà tó wà lára àdìrẹ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo lè ṣí ọ̀nà fún káréńtì, ó sì lè dí i.

Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ sì ni ìṣòro tí àwọn aláró wa ti mọ̀ láti ayébáyé. Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Ìdí nìyẹn tí aláró fi ń gún èlú, tí ó ń ro omi eérú sí i, tí ó sì ń fi ìkòkò sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Nínú ìkòkò ni aró ti ń pa ara dà tó fi lè wọnú òwú. Nígbà tí wọ́n bá yọ aṣọ jáde, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ni ó tó padà di búlúù, tí kò sì ní í ṣí mọ́. Àwọn ará Linz kò lè sọ aró di yíǹkì bẹ́ẹ̀. Ṣe ni wọ́n sọ ọ́ di èéfín nínú àpótí tí kò ní atẹ́gùn, kí ó lè bà lé ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn onímọ̀ tún ti wá ọgbọ́n mìíràn: wọn á so nǹkan kan mọ́ ara àwọ̀ náà tí yóò mú un yòrò, wọn á tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn á fi ooru lé ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kúrò. Ẹni tó bá ti ń pa aró láti kékeré yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá gbọ́ èyí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TẸ̀ Ẹ́

Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó ń tẹ àwòrán olóṣèlú sára fánẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀, a kì í da gbogbo rẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan.

Àkọ́kọ́, wọn á nu ọ̀rá mọ́ tónítóní. Ìkejì, wọn á fi yíǹkì tí fàdákà lúbúlúbú wà nínú rẹ̀ tẹ ẹnu-ọ̀nà, wọn á sì fi ooru díẹ̀ sí i kí fàdákà náà lè so pọ̀ di ìlà kan tí iná lè gbà. Ìkẹta, wọn á tẹ ìbòrí tí iná kò lè gbà kọjá lé e lórí. Ìkẹrin, fàdákà lẹ́ẹ̀kan sí i, fún ẹsẹ̀ tí káréńtì ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde. Ìkarùn-ún, wọn á fín yíǹkì ọ́gáníìkì sí àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìkẹfà, wọn á fi nǹkan bò ó lórí kí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin má bà á jẹ́.

Bí ìpele kan bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀kọ lááfún ya àdìrẹ lè fi ọgbọ́n bo àṣìṣe ìyẹ́ rẹ̀. Níbí kò sí ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ FÓLTÉÈJÌ FI GBỌ́DỌ̀ WÁLẸ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Àwọn tiransísítọ̀ ọ́gáníìkì àkọ́kọ́ kì í ṣiṣẹ́ àfi bí a bá fún wọn ní 20, 40, nígbà mìíràn tó 100 fóltì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, 1.5 fóltì ni. Láti rí 40 fóltì, a ó to bátìrì tọ́ọ̀ṣì 27 jọ. Ta ni yóò so bátìrì 27 mọ́ àpò ìrẹsì kan? Ta ni yóò sì gbà kí wọ́n lẹ 40 fóltì mọ́ ara ọmọ tó ń ṣàìsàn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi nǹkan yìí ṣe ni báńdéèjì tí yóò máa ka ìgbóná ara?

Ohun tó fà á ni ìbòrí tó wà láàárín ẹnu-ọ̀nà àti ohun alábọ́dé. Ẹni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri alámọ̀, àfi kó pariwo. Bó bá jẹ́ aṣọ ìkélé ló wà láàárín wọn, wúyẹ́wúyẹ́ tó. Bí ìbòrí bá nípọn, fóltéèjì gbọ́dọ̀ pariwo.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ti gbà wá ojútùú sí i.

Ọ̀nà kìíní ni láti mú ògiri fẹ́lẹ́. Ní 2007, Hagen Klauk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì ṣe ìbòrí kan tí kò nípọn ju 6 nánómítà lọ. Bí ẹ bá la ìnípọn irun orí kan sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún, ìbòrí yìí kò tó ọ̀kan nínú rẹ̀. Tiransísítọ̀ wọn ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 1.5 sí 3 fóltì, ìyẹn bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan sí méjì. Ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́ bí ìwé. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ohun tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á wà lára rẹ̀, iná á sì máa jò gba ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni láti fi nǹkan oníyọ̀ tó ki bí ẹ̀kọ tútù dípò ògiri. Ní 2008, àwọn ará Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà tẹ irú rẹ̀. Bí fóltéèjì bá dé, iyọ̀ inú rẹ̀ á rìn lọ dúró tímọ́tímọ́ sí ojú ohun alábọ́dé, bí ẹni pé ògiri náà pòórá. Kò tó 3 fóltì tó fi ń ṣiṣẹ́, kò sì nílò kí ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé iyọ̀ kì í yára rìn bí iná, nítorí náà ó máa ń lọ́ra.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tó jọ àwa lójú jù, nítorí ó dà bí ọgbọ́n àgbẹ̀. Ní 2019, Chen Jiang, Arokia Nathan àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Cambridge tẹ tiransísítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní àkókò tí pákó ìsé kò tíì ṣí tán, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti ṣí omi sí àkùrọ̀ mọ̀ pé ní àkókò yẹn, bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìṣàn omi á ti di ìlọ́po. Ààlà wà tí ẹnikẹ́ni kò lè ré kọjá lórí irú tiransísítọ̀ yìí: nínú ooru tí a ń gbé yìí, fóltéèjì ẹnu-ọ̀nà gbọ́dọ̀ fi bí ìdá 60 nínú ẹgbẹ̀rún fóltì kan gòkè kí káréńtì tó di ìlọ́po 10. Tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ihò akàn ni wọ́n dí. Gbogbo wa mọ̀ pé bí akàn bá ti gbẹ́ ihò sí ògiri àkùrọ̀, a lè ṣí omi títí, inú ihò ni yóò máa wọ̀, kò ní í dé ìdí ìrẹsì. Nínú tiransísítọ̀ tí a tẹ̀, irú ihò bẹ́ẹ̀ wà níbi tí ohun alábọ́dé àti ìbòrí ti pàdé, iná á máa há síbẹ̀. Wọ́n mú kí ojú ibi ìpàdé yẹn mọ́, kí ó sì dán, kò sì pọn dandan mọ́ kí ìbòrí fẹ́lẹ́ púpọ̀. Agbára tó ń lò kò tó ọ̀kan nínú bílíọ̀nù ìdá wáàtì kan. Wọ́n fi ka àmì iná kékeré tí ẹyinjú ń mú wá nígbà tó bá ń yí.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ KÙ SÍ

Ká má parọ́ fún ara wa. Ohun tó dára nínú yàrá ìwádìí lè ṣòro lọ́jà. Ní 2000, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Plastic Logic sílẹ̀ láti inú ìwádìí Cambridge yẹn. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sí ìlú Dresden ní Jámánì, ó ṣí ní 2008. Ní oṣù Kìíní 2010, wọ́n fi ìwé-kíkà oníná kan tí wọ́n pè ní Que han gbogbo ayé, pé iye rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 649. Oṣù kan náà ni Apple kéde iPad, tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 499. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n ti fagi lé Que láìtà á. Ẹ̀yin oníṣòwò kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹni tó pẹ́ kó tó dé ọjà, iye tí ẹni tó ti dé ṣáájú ń tà ni yóò bá níbẹ̀.

Àbùkù méjì ni ó kù lára nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ìkíní, kò yára. Nínú sílíkọ́nì, iná ń sáré ju ti inú yíǹkì ọ́gáníìkì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kò lè gba ipò ohun tó wà nínú fóònù. Ìkejì, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn ń bà á jẹ́. Ẹ sì mọ bí òjò ilẹ̀ wa ti ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá.

A gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ wa kan níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Wọlé Ṣóbọ̀yèjọ, tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, tó sì ti ṣe olórí African University of Science and Technology ní Àbújá, wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ohun ọ́gáníìkì tó ṣeé tẹ̀ kọ́rọ́, ìyẹn pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti iná. Ohun tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wádìí ni bí ìpele kan ṣe ń lẹ̀ mọ́ èkejì, àti bí wọ́n ṣe ń sán tàbí tí wọ́n ń ṣí kúrò lára ara wọn nígbà tí a bá ń tẹ̀ wọ́n síwá sẹ́yìn. Ẹ wo àpò ìrẹsì tí wọ́n jù sẹ́yìn ọkọ̀, tí alábàárù gùn lé lórí. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yẹn ti kàn wá.

KÍ NI KÍ ẸGBẸ́ ṢE?

Ohun méjì ni wọ́n ní lébẹ́ẹ̀lì yìí yóò ṣe fún wa. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti ọ̀rinrin. Òótọ́ ni pé ọ̀rinrin ń pa wá lówó. Ìrẹsì eléèépo tí a bá fẹ́ tọ́jú, omi ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, yóò bu, yóò sì rùn. Ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àpò, atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn àpò ni yóò máa wọ̀n, kì í ṣe ìrẹsì inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ aláfọwọ́mú tí a fi ń wọn omi ara ọkà wà lọ́jà, sílíkọ́nì ló wà nínú rẹ̀, bátìrì lásán ló ń lò. Ẹ̀rọ kan lè wọn ìrẹsì gbogbo ẹgbẹ́. Àti pé ẹ̀rọ wo ló fẹ́ sá ìrẹsì fún wa? Tapólì tó dára àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí a ó máa sá a sí ni yóò lé omi jáde. Ẹ̀rọ yóò kàn sọ fún wa pé ó ti tó ni.

Ti ìjẹ́rìí. Lébẹ́ẹ̀lì ń jẹ́rìí àpò, kò lè jẹ́rìí ohun tó wà nínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èrú lè da ìrẹsì Ìgbẹmọ jáde, kí ó rọ òmíràn sí i, lébẹ́ẹ̀lì á ṣì máa sọ pé Ìgbẹmọ ni. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ètò nọ́ńbà tí a ń ha lára páálí oògùn ní 2010, tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ohun tó mú un wúlò ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni a lè ha á. Ìdè tó ń já nígbà tí a bá ṣí àpò, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní owó táṣẹ́rẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ ni pé kí a má tíì yọ owó fún lébẹ́ẹ̀lì títẹ̀. Kí a fi owó ọdún yìí ra ẹ̀rọ ìwọn-omi kan àti tapólì. Ọwọ́ ìpàdé gbogboogbò ni ìpinnu wà. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́.

Kì í ṣe pé a ti ilẹ̀kùn. Ayé ń yí, nǹkan tó wọ́n lónìí lè di ọ̀pọ̀ lọ́la, bí rédíò ti ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí:

1. Fóltì mélòó ló ń lò, irú bátìrì wo, ṣé a sì lè rí i rà ní Adó?
2. Oṣù mélòó ni yóò fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní iná, ní ìgbà òjò?
3. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́, tí wọ́n to àpò mẹ́wàá lé e lórí, ṣé yóò ṣì sọ òótọ́?
4. Èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló sì ni èrè wa lórí àpò kan?
5. Ṣé ó gbà kí a kọ́kọ́ dán an wò lára àpò mẹ́wàá láti ìgbà ìkórè kan dé èkejì, kí a tó san kọ́bọ̀?

Ẹni tó bá dáhùn márààrún láìkọsẹ̀, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì, ẹgbẹ́ yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún ìkarùn-ún, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Níbi tí a ó dúró sí lóṣù yìí nìyẹn. Ẹ má gbàgbé àjọ oṣù yìí, kí ẹ sì mú ìwé àsansílẹ̀ yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé. Ire á kárí o.